Ọkọ̀ Kì í Làágùn

Ẹ lọ sí ọjà Òwódé ní Ọ̀fà láàárọ̀, níbi tí wọ́n ti ń já ọ̀dùnkún tí ìlú náà fi ń yangàn sílẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wo inú ẹsẹ̀ iwájú àwọn ọkọ̀ tó rù ú wá láti oko. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí èyí tí eruku ti pò mọ́ epo lẹ́yìn táyà rẹ̀, tó dúdú, tó ń dán. Bí ẹ bá pe awakọ̀ sí i, ohun tí yóò sọ ni pé, “Kò jò o, ó kàn ń làágùn ni.” Ẹnu àwọn mẹkáníìkì ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Èmi ò gbà. Ẹlẹ́ran ara ló ń làágùn. Ti ọkọ̀, síìlì rẹ̀ ti ń kú lọ ni.

Síìlì ò ju rọ́bà róbótó tó ní irin nínú lọ. Ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, sípíríǹgì kékeré kan ló fún un mọ́ ara irin tó ń yí, kí epo má jáde, kí omi àti iyanrìn má sì wọlé. Lára Mercedes 911 tí a fi ń kó yanrìn, ẹsẹ̀ iwájú kì í fa ọkọ̀, nítorí náà gírísì bíárìn ni síìlì ibẹ̀ ń sé mọ́lé. Bó bá ti ya, inú dúrọ́ọ̀mù ni gírísì ń lọ, láníìnì bíréèkì á sì mu ún yó. Lọ́jọ́ tí awakọ̀ bá wá tẹ bíréèkì lójijì pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ kan á mú, èkejì á yọ̀, ọkọ̀ á sì fà sí apá ibi tí ó mú. Láníìnì tó ti mu gírísì kò ṣeé fi bẹntiróò fọ̀. Pààrọ̀ ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì.

Ti Hilux tàbí L200 tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà yàtọ̀. Níbi tí ṣáfùtù ti wọ inú dífù iwájú ni gíà ọ́ìlì ti máa ń kán. Hilux àtijọ́, tí ásù rẹ̀ gùn gbọọrọ láti ẹsẹ̀ kan dé èkejì, ọ́ìlì á kọ́kọ́ wọ inú gírísì tó wà níbi tí ẹsẹ̀ ti ń yí, á sì sọ ọ́ di omi kó tó hàn síta. Owó síìlì kò tó nǹkan kan lára owó dífù tó jóná.

Síbẹ̀, kí ẹ tó ra síìlì, ẹ wá ohun tó pa ti àkọ́kọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Dífù ní ihò kékeré lókè tó fi ń mí. Bí ẹrẹ̀ ọ̀nà oko bá dí i, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á gbóná, á wú, á sì ti ọ́ìlì gba ẹnu síìlì jáde. Ẹ fi síìlì tuntun mẹ́wàá sí i, yóò ṣì máa jò. Bí táyà bá ti kúrò nílẹ̀, ẹ dì í mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í: bó bá ń gbọ̀n, ẹ fura sí bíárìn. Ẹ fi èékánná ra ibi tí síìlì ti ń fara kan irin. Bí ó bá kọ́ èékánná, irin náà ti jẹ, yóò sì tètè ba síìlì tuntun jẹ́.

Ẹni tó mọwọ́ irinṣẹ́ lè ṣe iṣẹ́ pípààrọ̀ síìlì yìí ní àgbàlá ilé rẹ̀, n kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ lé lórí ni jáàkì. Iṣẹ́ jáàkì ni kó gbé ọkọ̀ sókè, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti gbé e dúró nígbà tí èèyàn wà lábẹ́ rẹ̀. Mo sì rí i tí àwọn èèyàn ń kó búlọ́ọ̀kù oníhò jọ sábẹ́ ọkọ̀, bí ẹni pé ilé ni wọ́n ń kọ́! Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀ kó tó fọ́. Ẹ ra sítáńdì irin méjì tó lè gbé ìwọ̀n ọkọ̀ yín, tàbí kí ẹ yá a. Ilẹ̀ pupa wa máa ń rọ̀ lẹ́yìn òjò, nítorí náà ẹ tẹ́ pákó tó nípọn sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi igi di táyà ẹ̀yìn, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì táyà kí ẹ tó gbé e sókè, ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà, kí àgbàlagbà kan sì wà nítòsí. Bí ẹ kò bá ní sítáńdì, ẹ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó ní in.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fa ọ́ìlì dífù, ẹ kọ́kọ́ rí i pé bóòtù ojú ibi tí a ti ń rọ ọ́ sí ṣeé tú. Àwọn kan ti dà á nù tán kí wọ́n tó mọ̀ pé tòkè ti lẹ̀. Ẹ da ọ́ìlì náà sínú kẹ́ẹ̀gì, kì í ṣe gọ́tà, torí kànga ò jìnnà sí gọ́tà. Ẹ má fẹnu fẹ́ eruku bíréèkì. Láníìnì àtijọ́ máa ń ní asbestos, tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ fi omi rẹ̀ ẹ́.

Ẹ mú síìlì àtijọ́ dání lọ sọ́jà, ẹ fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wé tuntun: bí inú, ìta àti sísanra rẹ̀ ṣe rí. Ẹ̀gbẹ́ tí sípíríǹgì wà ni kó kọjú sí ọ́ìlì. Ẹ fi ọ́ìlì pa ẹnu rẹ̀, ẹ gbé síìlì àtijọ́ lé e lórí, kí ẹ máa kàn án díẹ̀díẹ̀ yíká kó lè wọlé gúnrégé. Ẹ di ṣáfùtù mú dáadáa bí ẹ ṣe ń tì í padà, kí eyín rẹ̀ má baà gé rọ́bà náà.

Ti 911, ẹ máa yí họ́ọ̀bù bí ẹ ṣe ń mú nọ́ọ̀tì bíárìn le, lẹ́yìn náà ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ sì tì í pa. Ẹ wà á láìrẹrù dé Ìjàgbó tó wà nítòsí Ọ̀fà, kí ẹ padà, kí ẹ wá sún ọwọ́ mọ́ họ́ọ̀bù méjèèjì. Bí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì lọ, bíárìn rẹ̀ ti le jù tàbí bíréèkì ń há a. Ẹ tún un ṣe kó tó di pé ẹ gbé ẹrù sí i.