Ẹ Wo Àbọ̀ Kí Ẹ Tó Wo Àlọ: Yíyan Ọ̀nà tí Ó Rọrùn ní Orí Òkè Highlands

Ní oṣù yìí, ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ ni ọ̀rọ̀ mi kàn jù lọ. Nígbà tí ìsinmi bá dé, ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ a máa forí lé ilẹ̀ olókè tí wọ́n ń pè ní Highlands ní Skọ́tíláńdì. Àwọn kan a máa rìn lójú ọ̀nà lásán. Àwọn mìíràn a máa gba ibi tí àpáta ti le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ nìkan kò tó, àfi kí a fi ọwọ́ kún un. Èyí ni wọ́n ń pè ní scrambling. Ìgbádùn ńlá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣi ọ̀nà yàn lè má padà délé.

Ìpele mẹ́ta ni ìwé atọ́nà pín in sí. Ìpele 1 ni ó rọrùn jù. Ẹni tí ìrìn orí òkè ti mọ́ lára lè gùn ún láìlo okùn. Ìpele 2 le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì máa ń dẹ́rù bani. Ìpele 3 sún mọ́ iṣẹ́ àwọn tí ń fi okùn gun àpáta. Ìpele 1 ni kí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dúró sí. Síbẹ̀, líle àpáta ni ìpele yìí ń wọ̀n. Kò wọn gígùn ọ̀nà, kò wọn òjò, kò sì sọ fún yín bóyá ẹ lè yà kúrò bí ó bá rẹ̀ yín láàárín ọ̀nà. Àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Nítorí náà, àbọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí a fi òkè mẹ́rin ṣe àpẹẹrẹ. Stac Pollaidh wà ní àríwá ìlú Ullapool. 612 mítà péré ni gíga rẹ̀. Ọ̀nà tí a tọ́jú dáadáa yí i ká, ó sì gòkè dé ẹ̀yìn rẹ̀. Níbẹ̀, ẹ lè fi ọwọ́ dán àpáta wò díẹ̀, kí ẹ sì padà nígbà tí ó bá wù yín. Ṣóńṣó rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn ni ó le. Kò sí ẹ̀gàn nínú kí a má dé ibẹ̀.

Èkejì ni ẹ̀yìn òkè Fiacaill ní Cairngorms, lẹ́bàá Aviemore, tí ó jẹ́ ìpele 1. Ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí ti ga ju 600 mítà lọ, nítorí náà apá kan iṣẹ́ náà ti parí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. A lè gba ẹ̀gbẹ́ yẹ ọ̀pọ̀ ibi tí ó le, a sì lè gba ọ̀nà ìrìn lásán padà. Ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ tẹ́jú, ọ̀gbun sì wà létí rẹ̀. Bí kùrukùru bá bò ó, tí ẹ kò sì mọ máàpù àti kọ́ńpáàsì lò, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà Càrn Mòr Dearg sí Ben Nevis, òkè tí ó ga jù ní Bìrìtéènì, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 1,345 mítà. Ìpele 1 ni òun náà, àmọ́ ó tó kìlómítà 17, gígùn òkè rẹ̀ sì tó nǹkan bí 1,500 mítà. Iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan ni.

Ẹ̀kẹrin ni Aonach Eagach ní Glencoe, ìpele 2. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Bí a bá ti wọ inú rẹ̀, kò sí ibi tí a lè gbà sọ̀kalẹ̀ láìléwu láàárín rẹ̀. Bí baálé yín bá ní ibẹ̀ ni ó wu òun, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé agbára ẹni tí ó kéré jù nínú ẹgbẹ́ ni a fi ń yan ọ̀nà, kì í ṣe agbára ẹni tí ó le jù.

Bí a ti ń ṣírò owó ọjà, bẹ́ẹ̀ náà ni kí a ṣírò àkókò. Ní ọdún 1892, ọ̀gbẹ́ni Naismith, ará Skọ́tíláńdì, fi ìlànà kan lélẹ̀: wákàtí kan fún kìlómítà 5, kí a fi wákàtí kan kún un fún 600 mítà tí a bá gùn. Nípa bẹ́ẹ̀, kìlómítà 10 pẹ̀lú 900 mítà yóò gba wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀. Ìsinmi, oúnjẹ àti ibi tí a ti ń fi ọwọ́ gun àpáta kò sí nínú rẹ̀. Ẹ fi àkókò tiwọn kún un.

Ẹ rántí pé sísọ̀kalẹ̀ lórí àpáta ṣòro ju gígùn lọ. Ibi tí ẹ kò bá lè sọ̀, ẹ má ṣe gùn ún. Ẹ má ṣe pọn ọmọ gun àpáta, nítorí ẹrù ẹ̀yìn a máa fa ara sẹ́yìn, bí ẹsẹ̀ bá sì yọ̀, ẹni méjì ni yóò ṣubú. Yìnyín lè wà lórí òkè wọ̀nyí títí di oṣù karùn-ún. Bí ó bá wà, ìpele 1 kì í ṣe ìpele 1 mọ́. Ẹ gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́ láàárọ̀, kí ẹ sì sọ ọ̀nà tí ẹ ń gbà àti wákàtí ìpadàbọ̀ yín fún ẹnì kan. Bí ewu bá dé, ẹ pe 999, ẹ béèrè ọlọ́pàá, kí ẹ sì ní Mountain Rescue ni ẹ ń fẹ́. Wọn kì í gba owó. Ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan ni a ń fọn fèrè ìpè fún ìrànlọ́wọ́; a ó sinmi fún ìṣẹ́jú kan, a ó sì tún un fọn.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òkè kò ní sá lọ. Yóò wà níbẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀. Kí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín náà wà. Ó di oṣù tí ń bọ̀ o.