Ìmọ̀ Ilẹ̀ Tọ́ sí Ọmọ Onílẹ̀

Ilẹ̀, ọ̀gẹ́rẹ́ a-fọkọ́-yẹrí, ni ọmọ ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé jù, nítorí orí rẹ̀ ni ó ń kọ́lé sí, inú rẹ̀ ni yóò sì sùn sí nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ní Alaska, ní ìpẹ̀kun àríwá Amẹ́ríkà, ilẹ̀ tí ó ti dì gbagidi láti ayé àwọn baba ńlá ti ń yọ́, bèbè odò ń ya lulẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará abúlé Newtok, ọmọ ẹ̀yà Yup'ik, fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí ibùdó tuntun ní Mertarvik ní ọdún 2019.

Púpọ̀ nínú abúlé ibẹ̀ ni kò ní títì tí ó dé ìlú ńlá. Nígbà tí òtútù bá mú kí odò dì, ọkọ̀ orí yìnyín, tí a ń gùn bí alùpùpù, ni Kenji Yoshikawa, onímọ̀ ilẹ̀ dídì ní Yunifásítì Alaska ní Fairbanks, gùn láti abúlé dé abúlé, kí òun àti àwọn ọmọ ilé ìwé lè jọ gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú ilẹ̀, kí wọ́n sì sọ ẹ̀rọ tí ń wọn òtútù sí i.

Iṣẹ́ ńlá ni, nítorí ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ láàrin ilẹ̀ tí òtútù rẹ̀ fi ìwọ̀n Celsius 5 lọ sílẹ̀ ju òdo àti èyí tí ó ku ìwọ̀n 1 péré kí ó yọ́. Àwọn méjèèjì le koko lábẹ́ ẹsẹ̀, títí di ọjọ́ tí ọ̀kan yóò di ẹrẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Àwọn kan lè wí pé ìnáwó àṣedànù ni kí ọ̀mọ̀wé la yìnyín kọjá nítorí ọmọ díẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ ojú òfurufú ń wo ilẹ̀ láti òkè. N kò fara mọ́ ọn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni yóò pinnu lọ́la ibi tí a ó kọ́ ilé ìwòsàn sí. Bàbá àwọn kan nínú wọn sì ni ó ń gbẹ́ àjà sínú ilẹ̀ dídì láti tọ́jú ẹran àbùùbùtán, tí ó mọ̀ ọ́n nígbà tí àjà náà bá ń sun omi. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ọ̀ràn náà kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ wọn. Kábọ́ọ̀nù tí ó wà nínú ilẹ̀ dídì ayé tó ìlọ́po méjì èyí tí ó wà nínú afẹ́fẹ́. Bí ilẹ̀ náà bá yọ́, ewéko àtayébáyé inú rẹ̀ yóò jẹrà di gáàsì tí ń mú ayé gbóná, tí kò sì mọ ààlà orílẹ̀-èdè. Nítorí náà, kí ìjọba àti yunifásítì má ṣe fi irú ìrìn àjò yìí sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú ẹnì kan; kí wọ́n náwó sí i lọ́dọọdún, kí wọ́n sì fi ihò kọ̀ọ̀kan lé olùkọ́ abúlé lọ́wọ́, kí kíka òtútù ilẹ̀ di iṣẹ́ kíláàsì bí ìṣirò.