Ẹ Tọ́ Ọjà Wò Kí Ẹ Tó Sanwó: Ọ̀rọ̀ Lórí Ohun Ìfọkọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Wọn kò sọ pé ìpolówó gan-an ni òwò. Àgúnmu ni wọ́n pè é, ohun tí í ran ara lọ́wọ́ kí ó le. Nígbà tí ìyá ẹlẹ́kọ bá ń kígbe ní ìdájí pé ẹ̀kọ òun gbóná, ẹni tó bá pè é yóò fọwọ́ kan ẹ̀kọ náà kí ó tó mú owó jáde. Bí ẹ̀kọ bá ti tutù, ìyá náà wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ kò ṣàjèjì, ilé rẹ̀ kò sì ṣòro láti mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí ní ìsọ̀ aláṣọ, ìsọ̀ elépo àti ìsọ̀ ẹlẹ́lùbọ́: oníbàárà a máa fọwọ́ ra aṣọ, a máa tọ́ epo wò, a máa gbóòórùn èlùbọ́. Àṣà ọjà Yorùbá gba ọlọ́jà láàyè láti yin ọjà rẹ̀ débi tó bá wù ú, nítorí pé àṣà kan náà ló fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ọjà náà wò.

Ẹ̀tọ́ yìí ló ń kú lọ ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta ohun ìfọkọ̀ àti ohun tí ń mú ọkọ̀ dán ní agbègbè Owódé Ẹ̀gbá. Nígbà tí ìjọba ológun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978, abúlé ni Mowe àti Ibafo. Lónìí, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló ń sùn síbẹ̀ tí wọ́n sì ń jí lọ sẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó, ọkọ̀ sì ti di ẹsẹ̀ wọn. Ibi ìfọkọ̀ pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ìsọ̀ tí ń ta ìgò àti agolo aláràbarà kò sì wọ́n. Àwòrán kìnnìún wà lára ọ̀kan, mànàmáná wà lára èkejì, ọkọ̀ asáré-ìje tí kò gba ojú ọ̀nà Ifo kọjá rí wà lára ẹ̀kẹta. Inú ìgò ńkọ́? Wọ́n ti dé e pa. Ìgò ń polówó ara rẹ̀, ẹni tó rọ omi ọ̀hún sínú rẹ̀ kò sì sí nítòsí láti dáhùn ìbéèrè.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ fáàrí lásán ni èyí, kí ó tún un rò. Ọkọ̀ tòkúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wà ní agbègbè yìí. Owó àjọ àti owó ẹ̀yáwó ni wọ́n kó jọ rà á. Ìyì tó sì wà lára ọkọ̀ kì í ṣe tuntun. Láyé àtijọ́, ẹṣin ni ọlọ́lá ń gùn, ìránṣẹ́ a sì máa fọ̀ ọ́, a máa gbo ara rẹ̀ títí yóò fi máa dán. Nígbà tí irin rọ́pò ẹṣin, ọ̀wọ̀ náà bá irin lọ. Àwọn awakọ̀ a máa so màrìwò mọ́ ọkọ̀ wọn nígbà ọdún Ògún. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè dá ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ òun dán lẹ́bi. Ohun tó yẹ fún ìbáwí ni kí ènìyàn máa sanwó fún aṣọ tí wọ́n dá fún ìgò, kí ó sì rò pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ni òun rà. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Agbára orúkọ pọ̀ ju bí ènìyàn ti rò lọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, gbogbo ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n ń pè ní Omo. Iléeṣẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1923 pẹ̀lú orúkọ West African Soap Company, tó di Lever Brothers, tó sì ń jẹ́ Unilever Nigeria lónìí, ló ń ṣe Omo gan-an tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, iléeṣẹ́ náà kéde pé òun yóò jáwọ́ nínú ṣíṣe Omo àti Sunlight ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, ìyá ṣì ń rán ọmọ ní Omo, ọmọ á mú ọṣẹ mìíràn dé, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Orúkọ ti kúrò lára ohun tó ni ín, ó ń dá rìn kiri. Bí orúkọ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ lára ọṣẹ tí gbogbo ilé mọ̀, kí ni kò ní ṣe lára ìgò tí oníbàárà kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí àfi lánàá?

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ti bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé rí. Ṣáájú ogun àgbáyé kejì, àwọn aláró Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í fi sódà àti aró ilé-iṣẹ́ òyìnbó rọ́pò omi eérú àti ewé ẹ̀lú. Iṣẹ́ yá, àdìrẹ pọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé aṣọ kò dára tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìjọba Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin de àwọn èròjà tuntun náà; àwọn aláró kò gbà, ọ̀rọ̀ sì di ti ìgbìmọ̀ ìwádìí ní ọdún 1936. Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn kì í ṣe òmùgọ̀, wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi ṣe ohun tí wọ́n ṣe, nítorí ọjà ti le koko. Ohun tó yẹ kí ènìyàn fi sọ́kàn nínú ìtàn náà ni pé ojú nìkan kò lè fi aṣọ kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Ìgbà tí aṣọ bá wọnú omi ni ó ń sọ irú ẹni tó jẹ́.

Omi náà ló sì yẹ kí ọ̀rọ̀ ìfọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìgò tó kọ ọ́ sára. Ifo kò jìnnà sí Ewékorò, níbi tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti wà láti ọdún 1960. Ní Mowe àti Ibafo, erùpẹ̀ pupa ni; bí ọyẹ́ bá dé, a di eruku, bí òjò bá rọ̀, a di ẹrẹ̀. Eruku sìmẹ́ńtì tí ìrì bá sẹ̀ sí lórí a máa gan mọ́ ọkọ̀. Ẹni tó bá wá fi aṣọ gbígbẹ nu irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, yànrìn ló fi ń ha á. Ọ̀dà ọkọ̀ òde òní ní ìpele kan tó mọ́ gaara lókè, tó ń dáàbò bo àwọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Ìpele náà kò tó ewé ìwé kan ní ìnípọn. Omi púpọ̀ tí wọ́n dà sí i kí ọwọ́ tó kàn án, àti garawa kejì tí wọ́n ń fi ṣan kànrìnkàn, ń ṣe ọkọ̀ lóore ju ìdajì ohun tó wà lórí pẹpẹ ìsọ̀ lọ.

Lẹ́yìn omi ni ọṣẹ. Ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí àwọn ọmọ ibi ìfọkọ̀ fẹ́ràn, torí pé ó ń hó dáadáa, epo ọbẹ̀ ni wọ́n ṣe é láti bá jà. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín epo ọbẹ̀ àti ìda tí oníkọ̀ fi owó gidi kùn. Ó ń kó méjèèjì lọ pọ̀. Kò ní bó ọ̀dà lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń lò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ kò ní ní ààbò kankan mọ́. Ọṣẹ tí wọ́n dìídì ṣe fún ọkọ̀ a máa wà ní tòsí 7 lórí ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní pH, èyí tó túmọ̀ sí pé kò kan, kò sì ta. Àwọn àgbà kan ní kí gbogbo ènìyàn padà sí ọṣẹ dúdú, pé ẹ̀tàn ni gbogbo ohun inú ìgò. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Omi eérú ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, ó sì máa ń ta. Ara ènìyàn ni wọ́n ṣe é fún. Kì í ṣe pé ohun ilé-iṣẹ́ burú. Àìyẹ̀ ẹ́ wò ló burú.

Ó kan ìda báyìí. Ìda tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù lọ ni kanáúbà, láti ara ewé igi ọ̀pẹ kan tó ń hù ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Bràsíìlì. Ojúlówó ìda ni, ó sì le tó bẹ́ẹ̀ tí kì í yọ́ àfi bí ooru bá ju 80 lọ lórí ìwọ̀n Celsius. Nítorí líle rẹ̀ yìí gan-an, kò sí ẹni tó lè fi kìkì rẹ̀ kun ọkọ̀. Dandan ni kí wọ́n fi òróró àti èròjà mìíràn pò ó. Agolo tó bá wá ń fọ́nnu pé kanáúbà pọ́ńbélé ni òun, ẹ̀rín ló yẹ kí ó pa oníbàárà. Ó tún yẹ kí ó yé ènìyàn pé ìda àti pọ́líìṣì kì í ṣe ohun kan náà: ìda ń bo ọ̀dà, pọ́líìṣì ń há a díẹ̀díẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè tẹ́jú. Ẹni tó ń fi pọ́líìṣì gbo ọkọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù ń fọwọ́ ara rẹ̀ jẹ ẹ̀wù ọkọ̀ náà tán.

Sẹ̀rámíìkì ni orúkọ tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ọlọ́jà nísinsìnyí. Èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń lò wà lóòótọ́, ó sì ń pẹ́ lára ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ìgò tí ènìyàn kàn ń fọ́n síta lè ní ìwọ̀nba díẹ̀ lára èròjà náà, kí ó sì gbé orúkọ kan náà. Wọ́n a máa kọ 9H gàdàgbà sára rẹ̀, wọ́n á sì ya dáyámọ́ǹdì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti lo lẹ́ẹ̀dì HB rí yóò dá H yẹn mọ̀, nítorí lẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi ń dán an wò. Lẹ́ẹ̀dì 9H le gan-an. Bí kò bá lè ha ọ̀dà náà, wọ́n á kọ 9H sára ìgò. Kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ìwọ̀n líle òkúta tí Friedrich Mohs gbé kalẹ̀ ní ọdún 1812, níbi tí dáyámọ́ǹdì ti gba 10. Òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì ló ṣe ìrésà, àwọn kan á sọ bẹ́ẹ̀. Lórí ìwọ̀n Mohs, yànrìn lásán gba nǹkan bí 7, yànrìn ojú ọ̀nà Ibafo kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀dì.

Gbogbo èyí, owó nìkan ló ń báni jẹ. Ti táyà ń báni jẹ ẹ̀mí. Ohun olómi tí wọ́n fi ń mú táyà dúdú kirikiri a máa ní sílíkónì nínú, àwọn kan sì ń fi dísù tàbí ògbólógbòó epo ẹ́ńjìnnì rọ́pò rẹ̀ kí ó lè dínwó, bẹ́ẹ̀ irú epo bẹ́ẹ̀ ń jẹ rọ́bà. Táyà tó ti gbó, tó ti ń sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí wọ́n bá kùn ún, a dà bíi tuntun. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, wọ́n ní ó ń pọ́n. Olùra ọkọ̀ tòkúnbọ̀ á wo dídán, á dúnàá-dúrà, á sì kó ìyàwó àti ọmọ sínú ọkọ̀ náà sórí márosẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára táyà tí kò sí ohun kíkùn tó lè pa á dà: bí ó bá jẹ́ 2315, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2015 ni wọ́n ṣe táyà náà. Ó yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Òróró tó ń mú dáṣíbọ́ọ̀dù dán pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ a máa ti ara rẹ̀ ta sínú gíláàsì iwájú, awakọ̀ kò sì ní ríran dáadáa. Bí ó bá kan ìdarí ọkọ̀ tàbí bíréèkì, ó di ohun tí ń yọ̀. Inú ọkọ̀ tó mọ́ kò gbọdọ̀ máa kọ mànà.

Ẹ̀yìn ìgò ni ó yẹ kí oníbàárà kà, kì í ṣe iwájú. Níbẹ̀ ni ìwọ̀n tí wọn yóò lò wà, tí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é wà, bí ó bá jẹ́ ẹni gidi. Ká ní ìgò ọṣẹ kan jẹ́ 500 mílílítà, tí 25 sì tó garawa omi kan: ìfọ̀ 20 ló wà nínú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà 4 tí omi ti pọ̀ nínú rẹ̀, tó ń gba 200 mílílítà sí garawa, ìfọ̀ 20 náà ni. Olùkọ́ ìṣirò lè fi èyí kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ẹni tó fi ìtóbi kẹ́ẹ̀gì ṣe ọgbọ́n, omi ló rà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ lókè òkun ló sì ń po ohun kan náà fún oríṣiríṣi onílé-ìtajà, tí oníkálukú á lẹ orúkọ tirẹ̀ mọ́ ọn.

Ìjọba ní àjọ tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ọdún 1971 ló fìdí àjọ SON tó ń rí sí ìwọ̀n dídára ọjà múlẹ̀, NAFDAC sì ń mójú tó ọṣẹ àti kẹ́míkà láti ọdún 1993. Òfin FCCPC ti ọdún 2018 ní kí àlàyé lórí ọjà wà lédè tí yóò yé oníbàárà, ó sì gbà á láàyè láti yẹ ọjà wò kí ó tó rà á. Ohun tí ìyá ẹlẹ́kọ ti mọ̀ látayébáyé ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ sílẹ̀ yẹn.

Kò sí ìdí tí oníkọ̀ kò fi ní lo ẹ̀tọ́ náà. Kí ó ní kí ọlọ́jà ṣí ìgò kan. Kí ó fi ìka méjì ra ohun tó pè ní ìda, bóyá ó ń rin-ni lọ́wọ́ bíi yànrìn. Àjákù táyà kì í wọ́n ní irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kun ohun táyà sí i, kí wọ́n dúró ìṣẹ́jú díẹ̀, kí oníbàárà fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún wò, bóyá ó ti gbẹ tàbí ó ṣì ń yọ̀ bí ilá. Bí ó bá gbé ìda délé, igun ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí ojú kì í tó ni kí ó ti kọ́kọ́ dán an wò, kì í ṣe orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ọlọ́jà bá sì kọ̀ láti ṣí ìgò, kí oníbàárà kí i pé ó dìgbà, kí ó kọjá sí ìsọ̀ kejì. Láti Mowe títí dé Ibafo, wọ́n pọ̀ lọ́tùn-ún, wọ́n pọ̀ lósì.