Kí Àwọn Àgbà Ẹbí Má Tú Ohun Tí Wọn Kò So

Ẹ̀yin ìjòyè Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀, àti ẹ̀yin ọmọ ìlú tí ẹ mọ̀wé, àṣà kan ti wọ àárín wa tí àwa kò lè dákẹ́ lé lórí mọ́. Bí ọkọ àti aya bá jà títí tí wọn kò lè gbé pọ̀ mọ́, a ó pe ẹbí jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé, bàbá ìyàwó yóò ka owó orí padà sílẹ̀, a ó sì wí pé ó parí. Kò parí rárá.

Ìgbéyàwó tí a ṣe ní ìlànà ìbílẹ̀ nìkan, ẹbí ni ó so ó. Bí ẹbí bá tú u, tí wọ́n sì mú un dé ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ kí a kọ ọ́ sínú ìwé, àwa kò ní àwíjàre kankan. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ó fi mọ bẹ́ẹ̀ lóde òní? Lẹ́yìn ìdána, wọn a tún lọ sí ọ́fíìsì rẹ́jísítírà, tàbí sí ṣọ́ọ̀ṣì tí Ìjọba fún ní àṣẹ, wọn a sì fọwọ́ sí ìwé. Ìwé yẹn ni àwọn àgbà kì í rántí. Gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 1970, Ilé-ẹjọ́ Gíga ni ó lè tú irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ pàápàá kò ní agbára lé e. Ẹni tí ó bá sì ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé lọ ṣe ìdána pẹ̀lú ẹlòmíràn, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ni Òfin Ìgbéyàwó là sílẹ̀ fún un, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin.

Ti Èjìgbò tún wá le ju ti ibòmíràn lọ, nítorí Àbíjàn. Láti 1964 ni ìjọba ilẹ̀ náà ti ṣòfin pé ìgbéyàwó tí a ṣe níwájú ìjọba ni òun mọ̀, ọkọ kan sí aya kan. Obìnrin tí a ṣe ìdána fún nílé, tí ó tẹ̀lé ọkọ lọ síbẹ̀, kí ni yóò mú lọ síwájú adájọ́ ní ọjọ́ ìjà? Àwa ti jókòó nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí: fóònù wà lórí tábìlì, ohùn ọkọ ń ti Àbíjàn wá nínú rẹ̀, ìyàwó sì wà ní ẹ̀yìnkùlé, ẹnikẹ́ni kò pè é wọlé. Àwa tí a wọ aṣọ àlùfáà níbẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Ó ń dùn wá di òní.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò wí: pé a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kan náà ni ó wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èwo nínú méjèèjì ni a ń tẹ̀lé nígbà tí a bá fi obìnrin sí ẹ̀yìnkùlé?

Wọn a sì máa wí pé ọmọ ti baba ni, kí ìyá kó wọn sílẹ̀ kí ó máa lọ. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà ti dáhùn ní 1989: àní lábẹ́ òfin ìbílẹ̀, ẹ̀tọ́ baba kò borí ire ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí a gbà lọ́wọ́ ìyá, tí a fi sọ́dọ̀ ìyá àgbà tí kò lè rìn, nítorí pé baba wà ní òkè òkun, ire ta ni a ṣe?

Nítorí náà, kí ìjòyè tí a bá pè sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ béèrè ìwé kí ó tó fọwọ́ kan owó. Bí ìwé bá wà, kí ó ní kí wọ́n dá owó náà padà sápò, kí wọ́n wá lọ́yà lọ.