Alágbàtà Kọ́ Ló Ni Ṣíà

Bí alágbàtà kò bá gbé fóònù mọ́, tí ó ń fi òní dọ́la fún oníṣíà, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ní ọjà Odògbolú ni pé kí àwọn ta gbogbo ṣíà náà, kí àwọn sì fi owó rẹ̀ ra òmíràn lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ rọra ná!

Alágbàtà àkọ́kọ́ yóò gba owó iṣẹ́ lórí títà, èkejì yóò tún gbà lórí ríra, kí owó sì tó dé, ṣíà lè ti gbówó lórí. Ṣebí wọ́n ní alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n? Èyí wá jẹ́ alágbàtà méjì lórí ẹrù kan ṣoṣo.

Ayé àtijọ́ ló dá ìrújú yìí sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba ológun ṣòfin ní 1972 àti 1977 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ta ìpín fún ọmọ Nàìjíríà, ìwé ni wọ́n ń fún ẹni tó bá rà á. Abẹ́ aṣọ òkè nínú àpótí ni ìwé ọ̀hún ń gbé. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹrin ọdún 1997 ni ilé-iṣẹ́ CSCS ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Inú kọ̀ǹpútà wọn ni orúkọ oníṣíà àti iye tó ní wà. Alágbàtà kàn ń bá a tà, ó ń bá a rà ni. Alábàárù ni. Bí alábàárù bá sì ń yájú sí ìyá oníg̀àrí, ẹlòmíràn ni ìyá yóò pè, kò ní lu gàrí Ìjẹ̀bú rẹ̀ pa nítorí onítọ̀hún.

Kíkó o kò le. Oníṣíà yóò ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ alágbàtà tuntun tí àjọ SEC fún níwèé àṣẹ. Nọ́ńbà CHN rẹ̀, èyí tí lẹ́tà C bẹ̀rẹ̀, kò ní yí padà. Ti àkáǹtì nìkan ló ń yí. Yóò buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, alágbàtà àtijọ́ yóò fọwọ́ sí i, CSCS yóò sì gbé ṣíà náà bó ṣe wà, láìta ẹyọ kan. Àmọ́ ẹni tó jẹ alágbàtà ní gbèsè, kó lọ san án ná, nítorí wọn kò ní jẹ́ kó kó ẹrù lọ.

Orúkọ gan-an ló ń fa wàhálà. Obìnrin tó fi orúkọ bàbá ra ṣíà, tí báńkì wá mọ̀ ọ́n sí orúkọ ọkọ, ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ ni yóò wá jáde. Télọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwé lọ́nà kan ní 1999, tó ti ń fọwọ́ sí i lọ́nà mìíràn báyìí, kó yáa tún un ṣe kó tó béèrè fún kíkó.

Kí ẹnikẹ́ni má buwọ́ lu fọ́ọ̀mù òfìfo o, bó ti wù kí alágbàtà rẹ́rìn-ín tó! Kí oníṣíà gba àkọsílẹ̀ iye tó ní kí wọ́n tó kó o, kó tún gba òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, kó sì kà wọ́n pọ̀. Bí alágbàtà àtijọ́ bá kọ̀ jálẹ̀, SEC ni kó kọ̀wé sí.

Ìwé inú àpótí ńkọ́? Ìyẹn kò tíì dé inú kọ̀ǹpútà, kò sì ṣeé kó. Alágbàtà tuntun ni yóò fi ránṣẹ́ kí wọ́n lè sọ ọ́ di ti CSCS, ṣùgbọ́n kí ìyá ya fọ́tókọ́pì rẹ̀ kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀.