Ẹ Má Sọ Kóòdù Yín fún Mi Mọ́

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń kọ́ ìwé kíkà ti ṣe iṣẹ́ oko tàbí iṣẹ́ ọjà láti àárọ̀ kí ẹ tó jókòó ti ìwé yìí. Nítorí náà, n ó tètè dé orí ọ̀rọ̀ mi.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún fóònù ṣe. Ìsọ̀ mi wà lẹ́bàá ọjà ní Kétu. Bí ojú fóònù yín bá fọ́, bí kò bá gba iná mọ́, bí ó bá bọ́ sínú omi, èmi ni ẹ ó gbé e wá bá. (Nípa ti omi: ẹ pa fóònù náà, ẹ nù ún, ẹ má fi iná sí i títí yóò fi gbẹ. Ẹ má rì í mọ́ inú ìrẹsì. Ilé iṣẹ́ Apple tí ń ṣe fóònù kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní ọdún 2024. Èmi ni mo máa ń fi abẹ́rẹ́ yọ ẹ̀fọ́ ìrẹsì jáde nínú ihò fóònù yín. Ìrẹsì wà fún jíjẹ.)

Mo tún ń bá àwọn ènìyàn gba owó tó wà lórí fóònù, èyí tí a ń pè ní Mómò. Nínú iṣẹ́ yìí, ohun kan wà tí kò dùn mọ́ mi nínú. Òun ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ ń sọ kóòdù yín fún mi jù.

Ẹ wo bí ó ti máa ń rí. Ọjọ́ ọjà ni. Èrò pọ̀. Ìyá kan tó ń ta gàrí dé, ó fẹ́ gba 10,000 fráǹkì. Ó ti fóònù bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní: "Ọmọ mi, bá mi tẹ̀ ẹ́." Ó sì ké kóòdù rẹ̀ sókè bí ẹni ń polówó ẹ̀kọ. Mo gbọ́. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gbọ́. Ọlọ́kadà tó dúró sí ẹnu ọ̀nà gbọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá fi iná sí fóònù rẹ̀ gbọ́, n kò sì mọ ilé rẹ̀.

Kóòdù ìyá onígàrí wà lórí mi. Ti bàbá alágbẹ̀dẹ wà lórí mi. Mo mọ̀ pé kóòdù obìnrin kan ni ọdún tí ó bí àkọ́bí rẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ṣe àlàyé rẹ̀ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín. N kò jí owó ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ta ni ó ṣe onígbọ̀wọ́ mi fún yín? Ọmọ mi lè ṣàìsàn lọ́la. Gbèsè lè ká mi mọ́. Èé ṣe tí owó yín yóò fi sùn sórí ìwà mi, nígbà tí ó lè sùn sínú orí tiyín? Bí owó ẹnìkan bá sì sọnù ní àdúgbò wa, ojú ta ni ẹ rò pé wọn yóò kọ́kọ́ wò? Ojú ẹni tó mọ kóòdù gbogbo ọjà ni.

Kí ló fà á? Kì í ṣe àìgbọ́n. Ìyá onígàrí yìí lè ṣe ìṣirò òṣùwọ̀n 37 lórí, kí ó yọ ẹ̀dínwó kúrò, kí ó fi owó ìyípadà lé yín lọ́wọ́, kí ọmọ iṣẹ́ mi tó rí ibi tí ẹ̀rọ ìṣirò wà lórí fóònù rẹ̀. Ó mọ iye. Àmì tí a fi ń kọ iye sílẹ̀ ni kò mọ̀. Fóònù kò sì mọ ọ̀nà mìíràn tó lè gbà bá wa sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀, bí kò ṣe kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ní ọjọ́ náà, nọ́ńbà fóònù ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kúrò ní 8, ó di 10. Wọ́n fi 01 síwájú gbogbo rẹ̀. (Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá náà ni Dahomey di Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 1975. Ó jọ pé ọjọ́ yìí fẹ́ràn àyípadà.) Bàbá àgbà kan wá bá mi lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní fóònù òun ti bàjẹ́, nítorí ọmọ òun tó wà ní Èkó kò pe òun mọ́. Mo yẹ fóònù náà wò. Kò sí ohun tó ṣe é. Ọmọ ń tẹ nọ́ńbà àtijọ́ ní Èkó, kò sì wọlé. Mo tẹ nọ́ńbà ọmọ náà, mo ní kí ó fi 01 sí i lẹ́yìn +229. Ó tán. Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù kan tí bàbá ti ń bínú sí ọmọ rẹ̀. Ó ti ń bi ara rẹ̀ pé kí ni òun ṣe fún un. Mẹ́sáàjì tó sọ̀rọ̀ nípa 01 wà lórí fóònù rẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò ṣí i.

Ìyẹn rọrùn. Èyí tó le ń bọ̀. N kò bá fẹ́ kọ ọ́ síhìn-ín, nítorí èmi gan-an ni mo jẹ̀bi.

Obìnrin kan ń ta aṣọ nítòsí mi. Ó wọlé wá ní ọjọ́ kan, ó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹni náà sọ fún un pé òun fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn oníṣòwò tí yóò rí owó yá. Ó ní nọ́ńbà kan ń bọ̀ lórí fóònù rẹ̀, kí ó ka nọ́ńbà náà fún òun. Obìnrin yìí kò lè kà á. Ó gbé fóònù sí iwájú mi, ó ní: "Àbúrò mi, ka èyí fún mi kíá." Mo ti tú fóònù ẹlòmíràn sílẹ̀. Ìdè kékeré wà láàárín ètè mi. Mo bojú wò ó, mo ka nọ́ńbà 6 sókè. Òun náà tún un sọ fún ẹni tó wà lórí fóònù. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ.

Nọ́ńbà tí WhatsApp máa ń fi ránṣẹ́ nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ ṣí i lórí fóònù tuntun ni. Olè náà ló fẹ́ ṣí i lórí fóònù tirẹ̀. A kọ ọ́ sínú mẹ́sáàjì náà pé kí a má fún ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo mọ̀wé kò kà á dé ibẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n ní kí n kà, nọ́ńbà ni mo kà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, olè ti wọ ẹ̀wù orúkọ rẹ̀. Ó kọ̀wé sí àwọn ìbátan rẹ̀ pé òun wà nínú ìṣòro. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní Àjàṣẹ́ fi 40,000 fráǹkì ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ṣábẹ́ fi 25,000 ránṣẹ́. Ẹ ó bi mí pé: ṣé wọn kò mọ̀ pé obìnrin yìí kì í kọ̀wé ni? Wọ́n mọ̀. Àbúrò rẹ̀ sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀. Ó ní: "Ẹnìkan ló máa ń bá a kọ̀wé ní gbogbo ìgbà. Mo rò pé ẹnìkan ló tún bá a kọ ọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ síbẹ̀ yẹn. Ẹni tí a máa ń bá kọ̀wé, ẹnikẹ́ni lè bá a kọ̀wé. Olè kò nílò láti mọ bí ó ti ń sọ̀rọ̀. Kò nílò láti mọ ìwà rẹ̀. Gbogbo ará ilé ti mọ̀ pé ìwé rẹ̀ kì í ti ọwọ́ rẹ̀ wá.

Mo bá a béèrè nọ́ńbà tuntun kí ó lè gba WhatsApp rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n olè ti fi kóòdù kejì tì í. A ní láti dúró ọjọ́ 7 gbáko kí ó tó ṣí. (Ẹ̀yin tí ẹ ní WhatsApp, ẹ fi kóòdù kejì yìí sí i fúnra yín lónìí, kí olè má baà fi tirẹ̀ sí i. Nọ́ńbà 6 ni, ẹ̀yin ni ẹ ó yàn án.) Fún ìgbà pípẹ́, àbúrò rẹ̀ kò gbàgbọ́ pé kì í ṣe òun ló jẹ owó náà. Mo san 20,000 nínú rẹ̀. Kò béèrè lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹnu mi ló ka nọ́ńbà náà.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn kan nínú yín ń sọ. Wọ́n ní: "Kí ni mo fẹ́ fi ìwé ṣe mọ́? Mo ń fi ohùn mi ránṣẹ́." Òótọ́ ni. Láti ọdún 2013 ni WhatsApp ti ń gbé ohùn wa lọ, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá mi kò mọ lẹ́tà kan, ó sì ń kí ọmọ rẹ̀ ní Gabon láràárọ̀, pẹ̀lú oríkì. Ìwé wo ló lè gbé oríkì bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ohùn kò ní aṣọ. Ní oṣù tó kọjá, ọkùnrin kan gbé fóònù wá. Etí fóònù náà ti kú, ohùn ńlá nìkan ló kù. Kí ó tó rí ibi tí wọ́n ti ń dá a dúró, gbogbo wa ní ìsọ̀ ti gbọ́ ohun tí dókítà sọ nípa àìsàn ìyàwó rẹ̀. A wo ilẹ̀. Kò tún padà wá sọ́dọ̀ mi. Bí ó bá jẹ́ ìwé ni, ojú rẹ̀ nìkan ni ì bá rí i.

Ìwé náà ní àléébù tirẹ̀. Ẹnìkan kọ̀wé sí mi láìfi àmì sí i: "Oko mi ti baje, gba mi." Ṣé ọkọ̀ ni? Ṣé ọkọ́ ni? Ṣé ọkọ tó fẹ́ ẹ sílé ni? Èwo ni kí n mú irinṣẹ́ lọ tún ṣe? Ẹ kọ àmì ohùn tí olùkọ́ yín ń kọ́ yín. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má bínú sí mi. Mo ti rí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi fóònù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé. Mo rò pé ẹ ṣì í ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e wọlé. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ nọ́ńbà fóònù akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, láti 01 títí dé òpin. Ó ti ń gbé e kiri láti ọjọ́ pípẹ́, kò rí ojú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà, orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà nínú fóònù. Lẹ́yìn náà, mẹ́sáàjì tí Mómò máa ń fi ránṣẹ́ bí owó bá wọlé, kí ó lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti olè. Ti olè máa ń wá láti nọ́ńbà fóònù lásán, yóò ní òun ṣèèṣì fi owó ránṣẹ́ sí yín ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá a padà. Ẹ má dá kọ́bọ̀ padà kí ẹ tó wo iye tó kù nínú owó yín. Olùkọ́ kan sọ fún mi pé ìwé kíkà ju ọ̀rọ̀ owó lọ, pé ó wà fún ìwé mímọ́, fún ìtàn àwọn bàbá wa àti fún òfin ìlú. Ó tọ̀nà. A jọ jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú, mo ṣì ń sọ tèmi.

Ní báyìí, n kì í tẹ kóòdù fún ẹnikẹ́ni mọ́ ní ìsọ̀ mi. Àwọn kan bínú, wọ́n lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìyá onígàrí náà bínú, ṣùgbọ́n kò lọ. Fóònù onítẹ̀ kékeré ni tirẹ̀. Mo mú ìka rẹ̀, mo gbé e sí àárín. Lórí irú fóònù bẹ́ẹ̀, ohun kékeré kan yọ sókè lórí 5, ẹ lè fi ìka wá a láìwò ó. Mo ní: "Ìyá, ilé yín rèé. 2 wà lókè rẹ̀, 8 wà nísàlẹ̀ rẹ̀. 4 wà lápá òsì, 6 wà lápá ọ̀tún." Mo kọ wọ́n sórí páálí fún un. Ó gbé páálí náà lọ sílé. Mo kọ́ ọ bí a ti ń pa kóòdù àtijọ́ dà, nítorí gbogbo ọjà ti mọ ọ́n. Tuntun tó yàn, n kò mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣì í. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún ṣì í. Mo sọ fún un pé bí a bá ń ṣì í bẹ́ẹ̀, wọn yóò tì í pa. Ó di fóònù rẹ̀ mọ́ ìdí ìró, ó lọ sílé láìgba owó. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn.

Ó padà wá ní àná. Ó kó fóònù sábẹ́ gèlè tó tú lé ọwọ́. Ó ń wo òkè, ìka rẹ̀ ń rìn lábẹ́ aṣọ. Fóònù mi dún: owó ti wọlé. Mo ka 10,000 fráǹkì lé e lọ́wọ́. Òun náà tún un kà. Lẹ́yìn náà, ó bi mí bóyá mo yọjú wo abẹ́ gèlè òun. Mo ní rárá. Ó ní nígbà mìíràn, kí n máa kọjú sí ògiri.

Mo ti yí àga mi padà.