Ilé Tí Kò Ní Ògiri Láàárín

Nígbà tí èmi àti ọkọ mi ń wá ilé ní Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá, èyí tí a ń gbé yìí gbà mí lọ́kàn lójú ẹsẹ̀. Kò sí ògiri láàárín pálọ̀, ibi ìjẹun àti ilé ìdáná. Ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni. Nínú ilé àtijọ́, bí n kò bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, n ó pa iná ọbẹ̀, n ó sáré lọ wò ó. Níbí, mo lè máa já ẹ̀fọ́ kí ojú mi má kúrò lára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gba inú ilé já, ilé kékeré sì dà bí èyí tó fẹ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ se ayamáṣe ni ojú mi là. Kí àwọ̀ epo pupa tó ṣí, èéfín ti bo pálọ̀; kò sì sí iná mànàmáná tí yóò yí fáànù tó yẹ kó fà á síta. Òórùn irú kò kúrò lára tìmùtìmù àga wa fún odidi ọjọ́ mẹ́rin. Ta ni kò fẹ́ràn irú? Inú àwo la ti fẹ́ ẹ, kì í ṣe ara kọ́tìnì.

Èyí tó dùn mí jù kì í ṣe ti èéfín. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá lọ́sàn-án Sátidé kan láti yá owó. Nínú ilé àtijọ́, ǹ bá bọ́ sí ilé ìdáná, ọkọ mi ì bá tẹ̀lé mi bí ẹni tó fẹ́ bu omi, a ì bá sì ti fẹnu kò kí omi tó dé pálọ̀. Níbí, ojú ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa wà. Nígbà tó di dandan, a wọ yàrá, a ti ìlẹ̀kùn. Ìlẹ̀kùn náà sọ ohun tí àwa kò tíì sọ. Kí a tó jáde, ẹ̀gbọ́n ti dé fìlà wọn, wọ́n ní àwọn ń lọ.

Àwọn kan yóò ní gbangba náà ni àwọn baba wa ń gbé nínú agbo ilé. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àgbàlá agbo ilé ṣí sí ojú ọ̀run. Èéfín ríbi gbà, yàrá sì yí àgbàlá ká fún ẹni tó ní ọ̀rọ̀ àṣírí. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà sí Èkó ní ọ̀rúndún 19 náà kọ́ ilé tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì. Àwa yọ ògiri kúrò, a sì fi àjà bo orí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé, ẹ jẹ́ kí ayàwòrán ilé yín fi ìlẹ̀kùn tó ṣe é fà sí ẹnu ilé ìdáná. Ilé tí a háyà ni tiwa, nítorí náà mo ra sítóòfù gáàsì olójú kan sí ẹ̀yìnkùlé fún ayamáṣe. Ní ti ẹ̀gbọ́n, ọkọ mi mú owó náà lọ bá wọn nílé lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e. Wọ́n gbà á. Wọn kò tíì tún yà sọ́dọ̀ wa láti ìgbà náà.